Bí A Ṣe Ń Yan Aṣọ Ìbòòrùn Ilé ní Ouagadougou

Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, máa ń tó 40°C. Kí ìgbà náà tó dé, ọyẹ́ á ti da eruku bo gbogbo ilé. Tó bá sì di àárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, òjò àti ìjì ló kàn. Ẹni tó fẹ́ ta aṣọ síwájú fèrèsé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní láti ro ti oòrùn, eruku àti òjò kó tó wo ẹwà.

Faso Dan Fani, aṣọ òwú tí wọ́n ń fọwọ́ hun, tí ìjọba ààrẹ Thomas Sankara gbé lárugẹ láàárín 1983 sí 1987, rẹwà púpọ̀. Àmọ́ òkè kọ́ ni àyè rẹ̀. Oòrùn á ṣá a. Bí òjò bá rin ín tí kò tètè gbẹ, á bu, á sì rà. Tapólì oníke tín-ín-rín kò wọ́n, ṣùgbọ́n oòrùn kì í pẹ́ sọ ọ́ di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó nípọn, tí wọ́n fi PVC bò lójú, kì í jò, àmọ́ ooru máa ń há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ jáde. Aṣọ acrylic tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ kí wọ́n tó ran án lówùú ni kì í tètè ṣá, òun ló sì wọ́n jù.

Lọ́jà, ẹ na aṣọ náà sójú oòrùn kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lára rẹ̀. Ẹ fi àkísà funfun tí ẹ rẹ sómi ra á. Bí àwọ̀ bá ràn án, ẹ má rà á. Àwọ̀ yanrìn dára: kì í gba ooru bíi dúdú, kì í sì fi eruku hàn bíi funfun.

Ẹ sọ fún télọ̀ pé òwú polyester ni kó fi rán an, torí òwú lásán á já kí aṣọ tó gbó. Kí aṣọ náà dagẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí omi má baà gbá jọ sójú rẹ̀.

Etí aṣọ tó rọ̀ wálẹ̀ níwájú ni àyè ẹ̀ṣọ́. Níbi tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, etí yìí ló ń dí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń yọjú gba abẹ́ aṣọ wọlé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun Faso Dan Fani bí aṣọ òkè tiwa, nítorí náà ó bá etí mu gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó lè súnkì tán, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì dè é, kó lè ṣeé tú nígbà òjò. Ní ti wajawaja tí wọ́n ń fi sétí aṣọ, ó máa ń kó eruku ọyẹ́. Inú ilé ló yẹ ẹ́.

Bí owó ò bá tó, aṣọ tó wà lókè àti òwú tí wọ́n fi rán an ni kí ẹ náwó lé. Ẹ̀ṣọ́ etí ṣeé pààrọ̀ nígbàkígbà.