Ìbọn tuntun kọ́ ni ìbọn tó ti ṣetán: ẹ nù ún, ẹ fi epo pa á kí ẹ tó gbé e wọ igbó



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìbọn, ì báà jẹ́ ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, ì báà jẹ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tí wọ́n á ki í lọ́jọ́ náà gan-an, tí wọ́n á gbé e lọ dọdẹ ọ̀yà. Wọ́n gbà pé ohun tó bá ti jẹ́ tuntun ti mọ́, ó sì ti pé. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn rí, àní nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lágbára jù lọ láyé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vietnam

Láàárín ọdún 1965 sí 1967, nígbà tí Amẹ́ríkà ń jagun ní Vietnam, wọ́n kó ìbọn tuntun kan tó ń jẹ́ M16 fún àwọn sọ́jà wọn. Ìbọn náà fúyẹ́, ó sì yára. Ọ̀rọ̀ tó wá ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ni pé kò nílò ìtọ́jú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ sọ́jà gba ìbọn láìgba ọ̀pá tí wọn ó fi nu inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ irú ẹ̀tù tó wà nínú ọta rẹ̀, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì ń fi èérí sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Vietnam, tí kò jìnnà sí tiwa níbí, tún jẹ́ kí ibi tí ọta ń jókòó sí nínú ìbọn máa dípẹtà.

Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Bí ìbọn bá dún, èèpo ọta á há sínú rẹ̀, ọta mìíràn kò sì ní ráyè wọlé. Lẹ́yìn ìjà àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Khe Sanh lọ́dún 1967, ọ̀kan nínú àwọn sọ́jà kọ lẹ́tà sílé pé àwọn rí òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn, tí ìbọn tí wọ́n ń tú láti tún ṣe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Richard Ichord ni alága rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n sì bá àwọn aláṣẹ ológun wí gidigidi. Wọ́n fi kúróòmù bo ibi tí ọta ń jókòó sí, wọ́n pín ọ̀pá ìnubọn, wọ́n sì kọ́ àwọn sọ́jà ní ìtọ́jú ìbọn. Ní ọdún 1968, wọ́n tẹ ìwé kékeré alàwòrán kan tí Will Eisner yà, kí ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà pàápàá lè mọ bí a ṣe ń nu ìbọn.

Ọdẹ Takon kì í ṣe sọ́jà. Ṣùgbọ́n irin ni ìbọn tirẹ̀ náà, òjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń pa á, eruku pupa ilẹ̀ wa sì ń bò ó nígbà ọyẹ́.

Kí ló wà nínú ìbọn tuntun?

Ìbọn tó ti iléeṣẹ́ wá máa ń ní gírísì tó ki lára àti nínú. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí omi òkun má baà ba ìbọn jẹ́ lọ́nà ni. Kì í ṣe epo tí ìbọn fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó yẹ kó fò sáré lu ìdí ọta á máa wọ́ bí ìgbín. Ìbọn alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ lè ní ẹ̀fọ́ irin àti eérú iná nínú.

Bí a ṣe ń ṣe é

Èkíní, ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣakabùlà, ẹ ti ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ìbọn bọ̀ ọ́ títí tó fi dúró, kí ẹ fi ìka sàmì sí ibi tí ọ̀pá bá ẹnu ìbọn pàdé. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sí ìta ìbọn láti ẹnu rẹ̀ wá sẹ́yìn. Bí kò bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà fún alágbẹ̀dẹ, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná.

Ẹ̀kejì, ẹ fi aṣọ tó rin fún kẹrosíìnì nu gírísì kúrò, níta gbangba, níbi tí kò sí iná. Ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà, ẹ má ṣi èyí gbọ́: ohun tí wọ́n ń pè ní pẹtróòlù ní Benin, kẹrosíìnì yín ni. Ẹsáǹsì tó ń gbé ọ̀kadà kò yẹ níbẹ̀ rárá, ó ń yára gbaná jù.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yin ṣakabùlà, epo kò lè fọ èérí ẹ̀tù dúdú. Omi ló ń fọ̀ ọ́. Èérí yìí ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, bó bá sùn nínú ìbọn mọ́jú, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀ títí omi yóò fi máa jáde ní mímọ́, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún dáadáa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá fi epo díẹ̀ pa á. Díẹ̀ ni a wí. Epo tó pọ̀ ń kó eruku jọ, ó ń ba igi ìdí ìbọn jẹ́, ó sì lè rin ẹ̀tù tí ìbọn kò fi ní dún. Kí ẹ tó ki í, ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀.

Irú epo wo?

Epo ìbọn tàbí epo máṣìnnì ìránṣọ ló dára. Ẹ má lo epo pupa tàbí àdín. Ẹ ṣáà ti rí bí wọ́n ṣe ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dì sára ìbọn náà nìyẹn. Epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kún fún èérí, òun náà kò dára.

Ewu mẹ́ta tó yẹ ká sá fún

Ẹrẹ̀, àkísà tàbí ilé agbọ́n tó dí ẹnu ìbọn lè mú kí ìbọn bẹ́ mọ́ ọlọ́wọ́ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ti ṣakabùlà. Agbára rẹ̀ ju ti irin náà lọ.

Bí ẹ bá yin ìbọn tí kò dún, ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ẹ má sì yí i sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, nítorí iná lè ṣì wà lọ́nà.

A tún rán yín létí pé òfin Benin béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ní ìbọn, òfin nọ́ńbà 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ló sì ń darí ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́. Ìtọ́jú ìbọn kò ju bíi wákàtí kan lọ, aṣọ àkísà àti epo díẹ̀ ló ń ná yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí ìbọn yín ti ilé mọ́ kó tó dé oko.