Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́: ohun tó yẹ ní wíwò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ogún kì í ṣe ilé àti ilẹ̀ nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù tí bàbá fi sílẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n ohùn Haruna Ishola, Ayinla Omowura àti I.K. Dairo ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ gbọ́ wọn ní láti wá ẹ̀rọ tí ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní tọ́ntébù. Fún ẹni tó ń gbé ní Otto, ọjà Alábà ní Òjó, tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ẹ̀rọ tuntun àti tòkúnbọ̀, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí kò yẹ lè ba ogún ọ̀hún jẹ́ kí onítọ̀hún tó fura.

Rẹ́kọ́ọ̀dù Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, kọ orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Ní 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọn kò tẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́, kò sí àrọ́pò fún un.

Ìbéèrè àkọ́kọ́, nígbà náà, ni pé irú rẹ́kọ́ọ̀dù wo ló wà nílé? Ńlá tó gba orin púpọ̀ máa ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Kékeré máa ń yí ní ìgbà 45. Èyí tó lágbà jù, tó máa ń fọ́ bí àwo tánńganran, ń yí ní ìgbà 78. Ojú ilà ti 78 fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ní ìyára 78 láìní abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Ìbéèrè kejì ni ti iná, ibẹ̀ sì ni tòkúnbọ̀ ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Iná Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230, ó sì ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ó sì ń lọ ní ìgbà 60. Tiransífọ́mà lè dín fóòtì kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ pé iye yìí ni wọ́n fi ń mọ bí wọn yóò ṣe yára tó. Bí irú rẹ̀ bá ti Amẹ́ríkà dé, orin yóò máa falẹ̀, ohùn olórin yóò sì máa wúwo bí ẹni tó ń tòògbé. Jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró lójú kan náà lè mú kí ohùn orin máa gbọ̀n. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìyára fúnra wọn, bíi Technics SL-1200 tó jáde ní 1972, kò ní ìṣòro yìí.

Ó rọrùn láti dán an wò lójú ọlọ́jà. Kí olùra lẹ ìwé kékeré mọ́ etí àwo ẹ̀rọ náà, kó sì kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní ìyára 33, ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 100. Bí ó bá jẹ́ bíi 83 péré, ti Amẹ́ríkà ni.

Ìbéèrè kẹta ni bí abẹ́rẹ́ ṣe wúwo tó lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Gíráàmù kan àtààbọ̀ sí méjì àtààbọ̀ ló dára fún ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó dà bí àpótí ìrìnàjò ń tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì ní òṣùwọ̀n lẹ́yìn apá wọn tí a lè fi dín in kù. Ẹwà àpótí kì í dáàbò bo rẹ́kọ́ọ̀dù. Kí olùra tún béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́jà, nítorí abẹ́rẹ́ tó ti jẹ á máa gé ojú ilà.

Ó tún ku ti ohùn. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń gbé jáde kéré gan-an. Bí àńpílífáyà ilé kò bá ní ihò tí wọ́n kọ "phono" sí, ohùn tín-ín-rín ni yóò máa jáde, àfi bí tọ́ntébù náà bá ní ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé e sókè nínú.

Ní Otto, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun àti ti ọ̀sà ń fẹ́ dé, iyọ̀ àti ọ̀rinrin á máa dípẹtà sára ojú irin tí a ń ki wáyà bọ̀. Kí wọ́n máa nù ún, kí wọ́n máa bo ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì to rẹ́kọ́ọ̀dù ní ìdúró, níbi tí oòrùn kò dé, kó má baà ká.

Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ̀rọ ṣì wà lọ́jà fún títà; rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá, ẹyọ kan ni.