Kọ̀ǹpútà Alágbèéká fún Ọmọ Tó Ń Lọ Sílé

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Àwa tí a ti dé Sókótó, àpò wa náà la óò kọ́kọ́ wò kí a tó ra ọjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ sí yunifásítì nílé, tòkúnbọ̀ sì lagbára wa ká. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín.

Ẹ gbé e wò: kó má ju kílò 1.5 lọ, nítorí ọ̀nà Ìbàdàn jìn. Ẹ bèèrè SSD. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, kì í tètè bàjẹ́. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ lò ó fún wákàtí kan, kí ẹ wo iye tó kù nínú bátìrì.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ó lè gba Windows 11. Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀rọ tí kò lè gbà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, owó mìíràn ló ń bọ̀ wá gbà lọ́wọ́ yín.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ wa lọ, kó ṣọ́ wọn bọ̀.