Gbájúẹ̀ Inú Ímeèlì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É àti Bí Èèyàn Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Gbájúẹ̀ inú ímeèlì ni jìbìtì tí àjèjì, tàbí ẹni tó ń díbọ́n bí ojúlùmọ̀, ń fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì lu èèyàn, kó lè gba owó rẹ̀, tàbí kó gba àṣírí tí yóò fi wọ inú àkáǹtì rẹ̀. Iṣẹ́ ibi yìí ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà orí ìwé àti fáàsì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, abala 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà ló sì fún un ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí.

Irú tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tó ń béèrè owó kí owó tó jáde. Lẹ́tà náà yóò ní ogún kan wà nílẹ̀ fún ẹni tó gbà á, tàbí pé ó jẹ tẹ́tẹ́ tí kò ta rí, tàbí pé owó iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ti délẹ̀, ó ku kí wọ́n san án. Wọ́n á ní kí ẹni náà kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Bó bá san án tán, owó lọ́yà á yọjú, lẹ́yìn náà owó orí, lẹ́yìn náà owó ìbúra ní kóòtù. Owó àkọ́kọ́ máa ń kéré, nítorí ẹni tó bá ti san díẹ̀ á máa san sí i, kí èyí tó ti lọ má baà ṣòfò. Kì í ṣe púrúǹtù nìkan ni wọ́n ń rí mú. Láàárín 1995 sí 1998, ọ̀gá kan ní Banco Noroeste, báǹkì kan ní São Paulo ní ilẹ̀ Brazil, san owó tó lé ní mílíọ̀nù 190 dọ́là fún àwọn kan tí wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú làwọn fẹ́ kọ́ sí Àbújá. Ọ̀kan nínú wọn ń pe ara rẹ̀ ní gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Kò sí pápákọ̀ kankan. Ní 2005 ni ilé ẹjọ́ kan ní Èkó dá àwọn kan nínú wọn lẹ́bi, nínú ẹjọ́ tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, pè.

Irú kejì ń fi orúkọ báǹkì bojú. Ó ní BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà ní báǹkì, ní ìṣòro, àkáǹtì yóò dí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kó yáa tẹ líǹkì kan. Ojú ewé tí líǹkì náà ṣí jọ ti báǹkì láìkù síbì kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ olè ni gbogbo nọ́ńbà tí èèyàn bá tẹ̀ síbẹ̀ ń lọ. Báǹkì kì í fi ímeèlì béèrè PIN, OTP (nọ́ńbà àṣírí ìgbà kan ṣoṣo), tàbí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹni tó bá ka OTP fún àjèjì ti fọwọ́ ara rẹ̀ sí i pé kí owó náà jáde.

Irú kẹta ló yẹ kó ba àwọn oníṣòwò lẹ́rù jù. Ká ní oníṣòwò kan ní ọjà Alábà ní Èkó ń ra ọjà láti Ṣáínà. Olè ti wọ inú ímeèlì ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ó sì ti ń ka lẹ́tà wọn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìfọhùn. Ó mọ iye ọjà, ó mọ ọjọ́ ìsanwó, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Lọ́jọ́ tí owó yẹ kó lọ gan-an, lẹ́tà kan dé: àkáǹtì àwọn ti yí padà, inú tuntun ni kó san án sí. Ìwé owó wà níbẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ló yàtọ̀. Kò sí àṣìkọ tí ojú lè tọ́ka sí. Ohun tó lè yọ oníṣòwò náà ni kó pe nọ́ńbà fóònù tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, kì í ṣe èyí tó bá lẹ́tà tuntun wá, kó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló ṣe pàtàkì jù: ọ̀rọ̀ owó tó gba ojú ọ̀nà kan wọlé, ojú ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n gbà wádìí rẹ̀.

Orúkọ tó hàn lókè lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí tó wù ú síbẹ̀. Ìparí àdírẹ́sì, lẹ́yìn àmì @, ló yẹ kí ojú lọ. Ti Báǹkì Àpapọ̀ máa ń parí sí cbn.gov.ng. Èyí tó parí sí gmail.com kì í ṣe tiwọn. Èyí tó parí sí cbn.gov.ng-payment.com náà kì í ṣe tiwọn, bí cbn.gov.ng tilẹ̀ hàn nínú rẹ̀ gedegbe. Àdírẹ́sì tó tọ̀nà pàápàá kò tó láti fọkàn tán, bí ọ̀rọ̀ ará Alábà yẹn ṣe fi hàn. Tẹ́lẹ̀, èdè òyìnbó wọ́gọwọ̀gọ ni wọ́n fi ń dá lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀ mọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti ń bá wọn kọ èyí tó já gaara. Ìkánjú àti ìkọ̀kọ̀ ni kò tíì kúrò nínú lẹ́tà wọn: kí ó ṣe é kíákíá, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá ti lọ, kó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí wọ́n sì kàn sí báǹkì tí owó náà wọ̀. Kíákíá ni olè ń gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn, tí yóò sì gbà á jáde lọ́dọ̀ oní-POS. Kó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì rẹ̀. Kó má pa lẹ́tà náà rẹ́, nítorí òun àti ìwé ìsanwó ni ẹ̀rí tí yóò mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì EFCC. Òfin ọdún 2006 lórí jìbìtì yìí la ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, títí dé 20, sílẹ̀, láìsí àyè láti fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀. Ìtìjú ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. Kò yẹ kí ará ilé fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí àwọn gbájúẹ̀ tún lè padà wá bá ẹni tó bá dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà mìíràn lè dé, tí yóò ní EFCC ti rí owó náà gbà, kó san owó díẹ̀ kí wọ́n lè dá a padà. Àwọn gbájúẹ̀ náà ló kọ ọ́. EFCC kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá.