Aṣọ Tí A Ń Fọ̀ àti Pàǹtí Ibi Iṣẹ́ Wa

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin onílé gbogbo, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ ohun tí ibi iṣẹ́ ń rà kò kan ìdílé rárá. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ni búkà? Ta ni ó ń bójú tó ilé tí a ń kó àwọn ọmọ ọwọ́ sí nígbà tí ìyá wọn bá lọ sí ọjà? Ta ni ó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, tí ó sì ń kó pàǹtí rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọgbà? Ní Òmù-Àrán níhìn-ín àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìyá ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin náà ni ọ̀gá máa ń rán lọ ra tíṣù àti páńpásì.

Ohun tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a sọ nù kì í parẹ́. Páńpásì tí ọmọ lò lónìí, nítorí ọ̀rá àti ike tí ó wà nínú rẹ̀, kò ní tíì jẹrà tán nígbà tí ọmọ náà bá di òbí. Bí òjò bá gbé e, yóò di ojú gọ́tà, ìgbẹ́ inú rẹ̀ yóò sì dà sínú omi. Bí a bá sì sun ún, èéfín burúkú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò máa fà símú. Nínú ọ̀rá àti agolo tí ó gba omi òjò dúró ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri ti ń rí àyè yé ẹyin sí. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo èyí. Nígbà tí ibà náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tí ó múlé gbè wá ni a ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ọmọdé kan. Lóòótọ́, inú igbó ni ẹ̀fọn òmíràn ti ń gbé àrùn yìí wá, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún ọmọ oṣù 9 sì ni olórí ààbò; síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa tẹ́ ibùsùn fún ẹ̀fọn lẹ́yìnkùlé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rà ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè nítorí àrùn Kòrónà tó 87,000 tọ́ọ̀nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì di pàǹtí. Èyí ni ó mú kí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gba àwọn ilé ìwòsàn níyànjú ní ọdún 2022 pé kí wọn máa ra aṣọ iṣẹ́ tí ó ṣeé fọ̀ níbi tí kò bá ti léwu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ wa náà fòfin de ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àwọn ọ́fíìsì rẹ̀.

Kí ni ẹ lè ṣe ní búkà? Ẹ ra aṣọ olówùú tàbí tówẹ́lì dípò tíṣù. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní íǹṣì 45, yáàdì kan ṣoṣo yóò fún yín ní aṣọ ìnuwọ́ 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 9 níbùú lóròó. Kí aránṣọ ká etí wọn. Ẹ yan èyí tí ó ki. Àwọn ìyá wa tí ń hun kíjìpá mọ ìdí rẹ̀. Ìróbọ́rọ́ àtijọ́ tí a gé wẹ́wẹ́ tó fún nínu tábìlì.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ o. Aṣọ kan ṣoṣo tí a fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí gbogbo oníbàárà ń nuwọ́ sí láti àárọ̀ di alẹ́, burú ju tíṣù lọ. Irú rẹ̀ ni ó ń ran àrùn ojú tí a ń pè ní Àpólò. (Ọdún 1969, nígbà tí Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá, ni àrùn yìí jà ní Gánà, tí àwọn ènìyàn sì fi sọ ọ́ lórúkọ.) Nítorí náà, aṣọ kan fún ènìyàn kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà, kí ó bọ́ sínú agbọ̀n ìfọṣọ.

Ẹni tí ó bá ń ra aṣọ fún ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra fífọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn: ọṣẹ, omi, okùn ìsáṣọ, àti owó ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá sí omi gbígbóná, ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 nínú omi tí a fi Jik tàbí irú rẹ̀ sí. Bí a bá kọ ìdá 3.5 nínú 100 sí ara ìgò rẹ̀, ife 1 sí ife 69 omi ni. Ẹ má ṣe da á pọ̀ mọ́ òògùn ìfọ-ṣálángá láéláé, nítorí afẹ́fẹ́ tí yóò jáde lára wọn lè pa ènìyàn. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì sá a sí oòrùn gangan.

A mọ̀ pé omi máa ń wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi iṣẹ́ tí kò bá ní kànga tàbí ẹ̀rọ omi kò gbọdọ̀ fi ìlédìí ọmọ bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi aṣọ ìnu-tábìlì bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, òwú tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́ kò sí nínú ohun tí à ń sọ yìí. Èyí tí a gbọ́dọ̀ sọ nù, kí a sọ ọ́ nù bí àwọn nọ́ọ̀sì ti là á sílẹ̀.

Ní ilé ìtọ́jú ọmọ, ẹ fi òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàmì sí ìlédìí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ́kọ́ da ìgbẹ́ sínú ṣálángá, kí a tó rẹ aṣọ náà. Eṣinṣin kan wà tí ó máa ń yé ẹyin sí aṣọ tútù tí a sá sí ilẹ̀ tàbí sí ibòji; ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ ọmọ, ojú ibẹ̀ a sì wú bí eéwo. Orí okùn ni kí ẹ sá ìlédìí sí, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ.