Ṣíà Amẹ́ríkà ti wọ Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n ẹ wo wàhálà owó orí àti fọ́ọ̀mù tó wà nídìí ẹ̀

Nígbà kan, bí wọ́n bá dárúkọ ṣíà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ilé iṣẹ́ epo pupa, Okitipupa Oil Palm Plc, lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí. Ọgbà ọ̀pẹ ò jìnnà, ìwé ṣíà sì wà nínú àpótí bàbá. Ayé ti yí báyìí o. Tíṣà tó wà ní Igbótako àti ọlọ́jà tó wà ní Ìrèlè lè fi fóònù ra ṣíà Apple lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Kò burú, owó náírà ló ń lé èèyàn lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń tà á kì í sábà sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ gbọ́ ti owó orí ná. Bí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bá pín èrè, tó sì kan yín ní 100 dọ́là, 70 dọ́là péré ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba wọn ń yọ, nítorí pé Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn owó orí tó lè dín in kù. Lórí èrè ṣíà ilé iṣẹ́ tiwa níbí, ìdá 10 ni wọ́n ń yọ.

Fọ́ọ̀mù ńkọ́? W-8BEN lorúkọ rẹ̀. Òun lẹ fi ń sọ pé ẹ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, bí ọdún kẹta lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ kọ ọ́ bá sì ti parí, ó di kẹ́ ẹ tún un kọ. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, wọ́n lè gé ìdá 24 nínú odindi owó tó ta ṣíà rẹ̀, yálà ó jèrè tàbí kò jèrè.

Ibi tọ́rọ̀ ti le jù ni ọjọ́ ikú. Bí àjèjì bá kú, tí dúkìá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju 60,000 dọ́là lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù 706-NA láàárín oṣù 9, owó orí òkú sì lè tó ìdá 40 lórí ohun tó bá lé. Ọmọ Amẹ́ríkà gan-an, láti ọdún 2026, àfi tí dúkìá rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ. Ẹ ò rí nǹkan!

Àwọn kan ní fọ́ǹdù làwọn á rà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dáwó jọ, tí ọ̀gá kan ń bá wọn fi ra ṣíà oríṣiríṣi. Ìwé ibẹ̀ kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti forúkọ fọ́ǹdù náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ìdá 30 àti owó orí òkú yẹn náà ló ń dúró dè yín. Bó bá jẹ́ Ireland, ìdá 15 ni Amẹ́ríkà máa ń yọ nínú èrè ṣíà tó wà nínú fọ́ǹdù, owó orí òkú ti Amẹ́ríkà kò sì kàn án.

Ẹ tún rántí ọdún 2021. Lóṣù kẹrin ni àjọ SEC kìlọ̀ nípa àwọn tó ń ta ṣíà òkèèrè láìgbàṣẹ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, kóòtù gba CBN láyè láti ti àkáǹtì àwọn ilé iṣẹ́ kan pa fún ọjọ́ 180. Nítorí náà, ẹ wádìí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kówó fún lọ́wọ́ SEC ná.

Nílé ńbí náà, òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Owó tó wọlé fún olùgbé Nàìjíríà láti òkè òkun wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ kéde.

Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Ẹ ra ṣíà o, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì síwèé, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ ibi tó wà. Ìwé ṣíà bàbá wà nínú àpótí, ọmọ lè ṣí i. Ta ló máa ṣí fóònù òkú?