Bí Orílẹ̀-èdè Mìíràn Bá Ní Kí Nàìjíríà Fa Afurasí Lé Òun Lọ́wọ́: Ẹ̀kọ́ Inú Ẹjọ́ Kashamu

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Ṣàngó-Ọ̀tà lọ sí Ìdìrókò mọ̀ pé àwọn aṣọ́bodè àti NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti egbòogi olóró, kì í fojú kékeré wo ọ̀nà yẹn, torí ẹnubodè Benin ló já sí. Ẹni tí wọ́n bá ká egbòogi olóró mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ni yóò ti rojọ́. Bó bá wá jẹ́ pé Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá afurasí náà ńkọ́? Òfin ní ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹjọ́ tó fi ọ̀nà náà hàn jù ni ti olóògbé Buruji Kashamu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ṣe sẹ́nétọ̀ fún Ìlà-oòrùn Ògùn láti 2015 sí 2019.

Láti Chicago dé London

Ní 1998, wọ́n fẹ̀sùn kan Kashamu ní Chicago pé ó wà lára àwọn tó ń kó heroin wọ Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kashamu ní àṣìmú ni, pé arákùnrin òun tó jọ òun ni wọ́n ń wá. Ó wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù Kìíní 2003, kí adájọ́ tó kọ̀ láti fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìyẹn sí ìdáláre. Ṣùgbọ́n irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í dájọ́ bóyá afurasí jẹ̀bi. Bóyá ó yẹ kí wọ́n fà á kalẹ̀ ló ń wò. Ìdí nìyí tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Chicago, lẹ́nu Adájọ́ Richard Posner, fi kọ̀ ní 2011 láti wọ́gi lé ẹ̀sùn náà.

Ọ̀rọ̀ délé

Ní oṣù Kìíní 2014, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ààrẹ Nàìjíríà nígbà kan rí, kọ̀wé sí alága ẹgbẹ́ PDP nítorí ọ̀rọ̀ Kashamu. Ní oṣù Karùn-ún 2015, òṣìṣẹ́ NDLEA yí ilé Kashamu ká l'Ékòó kí wọ́n lè fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ékòó ní kí wọ́n má mú un. Nígbà tó di oṣù Keje, ti Abuja da ẹ̀bẹ̀ ìjọba láti fà á kalẹ̀ nù. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ Èkó ní 2018, ṣùgbọ́n àrùn Kòrónà pa Kashamu ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 2020, láìsí ilé-ẹjọ́ kankan tó tíì sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Lábẹ́ òfin 1966 lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ Mínísítà Ètò Ìdájọ́ ni orílẹ̀-èdè tó ń wá afurasí yóò kọ̀wé sí, òun ni yóò sì gbé e lọ sílé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí lórí ẹ̀sùn tí wọ́n ti dá a láre rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́jọ́ mìíràn nílé yóò parí ìyẹn ná. Bí adájọ́ bá sì gbà kí wọ́n fà á kalẹ̀, ọjọ́ 15 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kó lè ráyè pe ìdájọ́ náà níjà.

Ìwé òfin 1999 fi kún un: ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un ní èdè tó gbọ́, láàárín wákàtí 24, lákọsílẹ̀.

Egbòogi olóró ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ wa jẹ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbè sẹ́yìn àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n àṣìmú lè bá ẹnikẹ́ni, ìjọba tó bá sì yẹ ọ̀nà òfin sílẹ̀ ń ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ báyìí bá kan ẹbí yín, ẹ má torí ìbẹ̀rù fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ tètè wá agbẹjọ́rò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó lọ bá àjọ Legal Aid Council.